Wẹ́dà tó tún àdògán eléèédú wa ṣe ní Ìsinkàn, Àkúrẹ́

Ìdí àdògán wa ti jẹ, ẹyin iná ń já bọ́ sílẹ̀. Wẹ́dà kan ní Ìsinkàn ló bá mi tún un ṣe. Kò kàn lẹ irin bo ihò náà o! Ó gé gbogbo ibi tó ti dípẹtà kúrò, ó fi fáìlì ha etí ẹ̀ títí ó fi ń dán, kó tó wá jó irin pẹlẹbẹ mílímítà 3 mọ́ ọn. Tó bá fẹ́lẹ́ jù, iná á lù ú. Mo ní kó fi páìpù omi onírin àlòkù ṣe asẹ́ tí èédú ń wà lórí ẹ̀, ó kọ̀: síńkì wà lára páìpù náà, tí iná bá sì kàn án, èéfín ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà símú. Ọ̀pá irin ìkọ́lé ló lò. Owó ẹ̀ wọ́n díẹ̀, ẹsẹ̀ àdògán kan sì ṣì ga ju ìyókù lọ, àmọ́ ẹyin iná kò já bọ́ mọ́.