QualCoder: áàpù tí mo fi ń tú ọ̀rọ̀ àwọn ìyá oní-gàrí, àti ibi tí mo ń kọ èrò mi sí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ìwádìí tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn lẹ ń tú wò, tí kì í ṣe oníṣirò, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. QualCoder ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àgàgà apá kan nínú rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò: mẹ́mò, ibi tí a ti ń kọ èrò ọkàn wa sílẹ̀ bí a ti ń ka ọ̀rọ̀ lọ.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi dá lórí àwọn ìyá tó ń yan gàrí ní ìgboro Ògbómọ̀ṣọ́ níbí àti ní àwọn abúlé tó wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Mo gba ohùn wọn sórí fóònù, èmi àti àbúrò mi obìnrin sì jọ tẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an, tàmì-tàmì. N kò kọ́kọ́ sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, torí ohun tí mò ń wá, inú bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ló wà.

Lílò rẹ̀ kò le. Ẹ ó kó fáìlì wọlé, ẹ ó fi mọ́ọ̀sì fa ìlà sí gbólóhùn, ẹ ó fún un ní kóòdù, ìyẹn orúkọ ṣókí tó sọ ohun tí gbólóhùn náà dá lé. Gbogbo irú áàpù bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe ìyẹn. Èyí tó mú mi dúró ti QualCoder ni pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ síbi tí ẹ kò lè lẹ mẹ́mò mọ́: odidi iṣẹ́ ní tirẹ̀, fáìlì ní tirẹ̀, kóòdù ní tirẹ̀, títí dé orí gbólóhùn kan ṣoṣo tí ẹ sàmì sí. Ẹ tẹ lẹ́tà M, àpótí kan á ṣí, ẹ kọ tinú yín síbẹ̀. Lẹ́tà A wà fún àkíyèsí lórí ọ̀rọ̀ tí kò tíì ní kóòdù. Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ náà tún wà lọ́tọ̀.

Ẹ wo bó ṣe rí lọ́wọ́ mi. Mo bi ìyá kan bóyá bàálé rẹ̀ ń dá sí owó ẹ̀gẹ́. Ó ní, "A dúpẹ́." Mo fi kóòdù "ìrànlọ́wọ́ ọkọ" sí i, bí ẹnikẹ́ni ṣe máa ṣe. Àmọ́ mo tẹ M, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ó dákẹ́ kó tó dáhùn. Ó yíjú síbi tí jáàkì wà, ó wá ń sọ iye tí àpò kan ń lọ lọ́jà. Ṣé ọpẹ́ nìyí?" Nígbà tó yá, mo kan ìyá mìíràn tí òun náà dúpẹ́ lórí ìbéèrè kan náà, tó sì sáré gba ibòmíràn lọ. Mo ṣí mẹ́mò àkọ́kọ́ yẹn, mo gbé àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan àwọn ọmọ, àwọn ìyá yìí dúpẹ́, wọ́n sì ń ka oore: ẹni tó san owó ilé-ìwé àbúrò, ẹni tó ra fóònù. Ọpẹ́ ti ọmọ ní àlàyé lẹ́yìn. Ti ọkọ kò ní. Ibẹ̀ ni kóòdù "ọpẹ́ tó bo ọ̀rọ̀" ti jáde, ó sì ti di orí kan gbòógì nínú iṣẹ́ mi. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọn kì í tú àṣírí ilé fún àlejò. Ṣùgbọ́n mímọ̀ kò tó nínú ìwádìí, èèyàn gbọ́dọ̀ lè tọ́ka síbi tó ti rí i.

Barney Glaser àti Anselm Strauss, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó gbé ìlànà grounded theory jáde ní 1967, ìyẹn ọ̀nà ìwádìí tí èèyàn ti ń fa àlàyé yọ láti inú ọ̀rọ̀ tó gbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, fi mẹ́mò ṣe òpó iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní bí èrò bá ti sọ síni lọ́kàn, kí èèyàn dá fífi kóòdù sí ọ̀rọ̀ dúró, kó kọ ọ́ ná. Mo fara mọ́ ọn pátápátá. Bí ẹ bá ní kẹ́ ẹ parí ojú ewé yẹn kẹ́ ẹ tó kọ ọ́, òmíràn lẹ máa kọ. Ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle lè gba èrò náà dúró o, àmọ́ kò lè gbé yín padà sórí gbólóhùn tó bí i.

Colin Curtain ti Yunifásítì Tasmania ní Ọsirélíà ló ṣe áàpù yìí. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. NVivo, MAXQDA àti ATLAS.ti, àwọn áàpù mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, owó ni wọ́n fi ń rà wọ́n, owó dọ́là sì ni. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá ti ra ATLAS.ti, ẹ lò ó, mẹ́mò tiẹ̀ dáa gan-an, ẹ tiẹ̀ lè so ọ̀kan mọ́ òmíràn. Taguette náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì rọrùn jù gbogbo wọn lọ, àmọ́ kò síbi tẹ́ ẹ ti máa lẹ mẹ́mò mọ́ gbólóhùn níbẹ̀. Mi ò lè fi ṣe iṣẹ́ yìí.

Tẹ́ ẹ bá ti gbé QualCoder sórí láptọ́ọ̀pù, kò bi yín ní dátà mọ́. Kò sí bọ́tìnnì pé ẹ fi iṣẹ́ pamọ́. Kóòdù tẹ́ ẹ bá fi sí i ti wọlé nìyẹn, kí iná máa lọ. Fódà kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .qda ni gbogbo rẹ̀ wà, ẹ dà á kọ sórí fíláàṣì ní alaalẹ́. Ó ní apá AI (ọgbọ́n àtọwọ́dá) tí kò pọn dandan, tó lè fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síta lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo pa tèmi, torí mo ṣèlérí fáwọn ìyá yẹn pé ọ̀rọ̀ wọn ò ní kúrò lọ́dọ̀ mi.

Ẹ ṣọ́ra fún àmì ohùn. Ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà lè gbà kọ ọ̀ ju ẹyọ kan lọ: kíbọọ̀dù kan á fi àmì ohùn lé ọ, òmíràn á fi àmì ìsàlẹ̀ kún ò. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Kíbọọ̀dù tèmi àti ti àbúrò mi yàtọ̀, torí náà bí mo bá wá "ọ̀rọ̀", tèmi nìkan ló ń jáde. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, sọ gbogbo fáìlì yín di NFC, ìlànà tó ń mú kí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà ìkọ kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ tó kó wọn wọlé. Bó bá di ẹ̀yìn kóòdù, ó ti pẹ́ jù, torí iye lẹ́tà láti ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì ni QualCoder fi ń mọ ibi tí kóòdù wà, bí lẹ́tà bá dín tàbí lé, àmì á yẹ̀ kúrò níbi tó yẹ kó wà.

Àwọn àwòrán bọ́tìnnì rẹ̀ kéré, wọ́n sì fún pọ̀, ẹ máa nílò sùúrù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Èèyàn méjì ò sì lè jọ wà nínú fódà kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ ẹ bá pọ̀ lórí iṣẹ́, kí kálukú ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹnì kan wá pa á pọ̀, kẹ́ ẹ sì ti fẹnu kò lórí orúkọ kóòdù kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.