Ìpolówó Ọgọ́rùn-ún Wákàtí: Àyẹ̀wò Ọjà Mẹ́fà Tí Ilé Aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà Pàtẹ ní 2007

Nígbà tí físà lọ́tìrì gbé mi dé ìlú Houston ní 2005, iṣẹ́ àwo fífọ̀ ni mo kọ́kọ́ rí ṣe, dọ́là 5.15 sì ni wọ́n ń san fún mi ní wákàtí kan. Kì í ṣe pé ọ̀gá mi láhun. Iye tí òfin ìjọba àpapọ̀ fi lélẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ nìyẹn, kò sì tíì kúrò lójú kan láti 1997. Ìdí nìyí tí mo fi tẹ́tí sílẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ Democrat bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ní 2006 pé bí àwọn bá lè gba Ilé Aṣojú-ṣòfin, ohun mẹ́fà ni àwọn yóò ṣe láàárín ọgọ́rùn-ún wákàtí àkọ́kọ́ tí àwọn bá jókòó. N kò lẹ́tọ̀ọ́ ìbò nígbà náà, ṣùgbọ́n oníbàárà ni mí, nítorí pé àwọn kan nínú ohun mẹ́fà ọ̀hún kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ojú oníbàárà náà ni mo fẹ́ fi yẹ ọjà yìí wò nísinsìnyí tí ọdún ti gorí ọdún, tí a sì ti mọ èyí tó dé ọwọ́ ẹni àti èyí tó kù sójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìsọ̀ náà ṣe rí. Ìbò ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá 2006 fún àwọn Democrat ní ìjókòó 233 nínú 435. Ní Ilé Aṣòfin Àgbà, ẹni 51 ni wọ́n fi ń bá ẹni 49 fà á, méjì nínú 51 yẹn kò sì wọlé lórúkọ ẹgbẹ́ náà, wọ́n kàn ń bá wọn jókòó ni. George W. Bush tó jẹ́ Republican ṣì ni ààrẹ. Ní Ilé Aṣòfin Àgbà, ìbò 60 ni wọ́n nílò kí wọ́n tó lè fòpin sí àríyànjiyàn lórí ọ̀pọ̀ àbádòfin. Bí ààrẹ bá sì kọ̀ láti buwọ́ lu òfin, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì nìkan ló lè borí rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí Nancy Pelosi, obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò di olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin, gba òòlù lọ́wọ́ John Boehner ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní 2007, tí ó sì sọ pé ẹ̀mí àjọṣe ni òun fi gbà á, kì í ṣe ẹ̀mí ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ náà ju ìwà ọmọlúàbí lọ. Ìṣirò ni. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó láti gbé ọjà dé ojú pátákó, kò tó láti gbé e dé ilé oníbàárà.

Ìyára wọn kò ṣe é bú. Láàárín ọjọ́ 9 sí ọjọ́ 18 oṣù náà, àbádòfin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kọjá: ètò ààbò tí ìgbìmọ̀ tó ṣèwádìí ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2001 dámọ̀ràn, owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ, owó ìjọba fún ìwádìí lórí sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ (èyí tí wọ́n ń mú lára ọlẹ̀ láti fi wá ìwòsàn), ìyọ̀ǹda fún Medicare, ètò ìlera tí ìjọba ń ṣe fún àwọn àgbàlagbà, láti máa bá àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn ná iye owó oògùn wọn, èlé orí ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, àti gbígba ẹ̀dínwó owó-orí tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì ń jẹ kúrò lọ́wọ́ wọn. Aago tí àwọn Democrat fúnra wọn ń ka fi hàn pé wákàtí 42 àti díẹ̀ ni wọ́n lò. Aago ọ̀hún ní ọgbọ́n tirẹ̀ o, torí kì í ka àkókò tí ilé kò bá sí lórí iṣẹ́, bí ìgbà tí aránṣọ bá sọ fún ọ pé ọjọ́ méjì ni aṣọ rẹ gbà, tí kò ka ọjọ́ tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Bí wọ́n ṣe ṣe sí ẹgbẹ́ kejì lójú pátákó ni n kò lè yìn. Tààrà ni wọ́n gbé àwọn àbádòfin náà wá sí gbàgede ilé, láì jẹ́ kí ìgbìmọ̀ kéékèèké kọ́kọ́ tú inú wọn wò, wọn kò sì fún àwọn Republican láyè láti dábàá àtúnṣe lásìkò ìjíròrò. Ní 2004, nígbà tí Pelosi wà ní ipò alátakò, òun gan-an ló kọ ìwé ẹ̀tọ́ àwọn tí kò pọ̀ nílé ránṣẹ́ sí Dennis Hastert, olórí ilé ìgbà náà, pé kí wọ́n máa fi alátakò ṣe é. Ní 2007, Patrick McHenry, Republican láti North Carolina, nawọ́ ìwé kan náà padà sí i pé kí ó wá lò ó. Èsì àwọn Democrat ni pé àwọn ará ìlú ti gbọ́ ohun mẹ́fà náà kí wọ́n tó dìbò, pé àyè yóò ṣí sílẹ̀ fún àtúnṣe lẹ́yìn tí àwọn bá mú ìlérí náà ṣẹ tán. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Àmọ́ ẹni tí o lé kúrò nídìí ààrò, tí o wá ń pè wá gbé ìkòkò sọ̀, yóò wojú rẹ dáadáa kó tó dìde.

Síbẹ̀, àwọn kan dìde. Èyí ni ohun tó yà mí lẹ́nu jù nígbà tí mo padà lọ ka iye ìbò. Àwọn Republican 124 ló dìbò fún àbádòfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́, 82 fún owó iṣẹ́, 68 fún ètò ààbò. Lẹ́yìn wọn, iye náà já wálẹ̀: 37 fún sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀, 36 fún ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì, 24 péré fún oògùn Medicare. Mẹ́ta àkọ́kọ́ di òfin kí ọdún 2007 tó parí. Nínú mẹ́ta tó kẹ́yìn, ọ̀kan kú sọ́wọ́ ààrẹ, ọ̀kan há sí Ilé Aṣòfin Àgbà, ọ̀kan di òfin lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ìdí tí a fi gbé e wá kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ka ìbò ẹgbẹ́ kejì ní oṣù kìíní ti lè fọwọ́ sọ̀yà ohun tí yóò dé ọwọ́ òun ní oṣù kejìlá.

Owó iṣẹ́ ni mo fi ọwọ́ ara mi gbà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀. Nígbà tí ó dé Ilé Aṣòfin Àgbà, ìbò 94 sí 3 ni wọ́n fi gbà á ní ọjọ́ 1 oṣù kejì, ṣùgbọ́n wọ́n ti so ẹ̀dínwó owó-orí fún àwọn oníṣòwò kéékèèké mọ́ ọn, torí owó tí àwọn Republican bèèrè nìyẹn. Ilé kejì fapá jánú díẹ̀, wọ́n sì ná an títí ó fi dúró sí nǹkan bíi bílíọ̀nù dọ́là 4.8. Lẹ́yìn èyí, wọ́n kó o pọ̀ mọ́ owó ogun Iraq. Bush dá ẹ̀dà àkọ́kọ́ padà ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún nítorí ọjọ́ tí wọ́n dá fún kíkó ọmọ ogun kúrò, ó sì buwọ́ lu èkejì ní ọjọ́ 25 oṣù náà. Ní ọjọ́ 24 oṣù keje 2007, owó mi di dọ́là 5.85. Sẹ́ǹtì 70 lórí wákàtí kan, ìyẹn dọ́là 28 fún ẹni tó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 40 lọ́sẹ̀ kí owó-orí tó bù ú jẹ. Ẹni tí kò bá tíì wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ sí ibi iṣẹ́ lè fi owó yẹn ṣẹ̀sín. Èmi kò lè fi ṣe é. Ó di 6.55 lọ́dún kejì, ó sì di 7.25 ní 2009.

Àbùkù ọjà náà ni pé àwọn ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ lọ sí orí tábìlì, tí àwọn oníbàárà ń fún ní owó ọwọ́, kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Dọ́là 2.13 tí òfin fi sílẹ̀ fún wọn láti 1991 ni ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí tèmi tó wà nídìí omi ìfọwo ń lọ sókè.

Ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí tí mo rí èènì gbà lórí rẹ̀. Ìpolówó ni pé èlé yóò dínkù sí ìdajì, láti ìdá 6.8 nínú ọgọ́rùn-ún sí 3.4. Ẹ̀yáwó tí ìjọba ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí já jẹ san èlé rẹ̀ nígbà tó ṣì wà nílé ìwé nìkan ló kàn, ọdún mẹ́rin ni wọ́n sì fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó yáwó ní ọdún ẹ̀kọ́ 2011 sí 2012 nìkan ló bá 3.4 pàdé lábẹ́ òfin náà. Ní 2009 tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́, 5.6 ni mo bá, ìdajì kejì owó tí mo yá sì dúró lórí 6.8. Ojú mi kọ́kọ́ ro. Àmọ́ òfin kan náà tí Bush buwọ́ lù ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án 2007 fi ohun tí kò sí nínú ìpolówó kún un: ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba tàbí ilé-iṣẹ́ tí kì í pa èrè, tó sì san owó oṣù 120 bó ti yẹ, wọn yóò dárí ìyókù gbèsè rẹ̀ jì í. Lójú tèmi, èènì náà sàn ju ọjà lọ, pàápàá fún àwọn nọ́ọ̀sì wa tó wà ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ti ètò ààbò kò ní gùn. Ó di òfin ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ 2007. Àyẹ̀wò gbogbo ẹrù tó ń bá ọkọ̀ òfurufú èrò rìn wáyé, ti gbogbo kọ̀ntéńà orí omi tí wọ́n dá 2012 fún kò ṣeé ṣe, ńṣe ni wọ́n ń sún un síwájú. Ti epo rọ̀bì náà, òfin tí ààrẹ buwọ́ lù ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá sọ pé kí mọ́tò máa rin máìlì 35 lórí gálọ́ọ̀nù kan tó bá fi máa di 2020, ohun rere ni, ṣùgbọ́n owó-orí àwọn ilé-iṣẹ́ epo tí a torí rẹ̀ wá sọ́jà ti já bọ́. Ìbò 59 ni wọ́n rí ní Ilé Aṣòfin Àgbà. Ẹyọ kan péré ló kù.

Sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ gba ìbò ilé méjèèjì, Bush sì kọ̀ ọ́ ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà 2007. Àṣẹ Barack Obama ní oṣù kẹta 2009 ló ṣí ọ̀nà fún un.

Oògùn Medicare ló wá da ìṣirò mi rú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 2007, 55 sí 42 ni ìbò rẹ̀, kò pé 60, ó sì sùn síbẹ̀ fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tí ó jí ní oṣù kẹjọ 2022, ọ̀nà ètò ìnáwó tí kò nílò ìbò 60 ni wọ́n gbé e gbà, Republican kan ṣoṣo kò sì dìbò fún un. Àjọṣe kọ́ ló bí i. Bí mo bá ní kí n máa fi ìbò ẹgbẹ́ kejì wọn gbogbo ọjà, èyí kò yẹ kó dé láéláé.

Nínú ìràwọ̀ márùn-ún, mẹ́ta ni mo fún wọn: wọ́n ṣe ohun tí wọ́n polówó pé àwọn yóò ṣe, ní àsìkò tí wọ́n dá, ṣùgbọ́n ìpolówó náà kò sọ pé ilé kan nínú ilé méjì ni àwọn ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìyá àgbà kan ní ìjọ wa ń lo Eliquis fún ẹ̀jẹ̀ dídì, ọ̀kan nínú oògùn mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí Medicare ná. Iye tuntun náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 2026. Ní Texas níbí, níbi tí òfin ìpínlẹ̀ ti ń tẹ̀ lé ti ìjọba àpapọ̀, owó iṣẹ́ wákàtí kan tó kéré jù lọ ṣì jẹ́ dọ́là 7.25.