814 gígùn tí mo lọ wò ní Zuba

Ọjà pákó Dei-Dei ní Abuja ni mo ti ń jẹun, ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún rèé. Ọkọ̀ háyà ló ń bá mi kó pákó lọ bá àwọn oníbàárà: Lugbe, Gwarinpa, Karshi. Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, nígbà tí àwọn kọ́lékọ́lé ń dún mọ́ni lọ́rùn, ọlọ́kọ̀ kan gba owó lọ́wọ́ mi tán, ó tún yà lọ kó ẹrù ẹlòmíràn. Oníbàárà mi dúró sí Karshi títí ilẹ̀ fi ṣú, káfíńtà mẹ́rin jókòó tì í. Ọjọ́ yẹn ni mo ní ó tó gẹ́ẹ́, màá ra tèmi.

Ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes 814 ni mo lọ wò, ìlò Nàìjíríà, aláwọ̀ búlúù, níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ lẹ́bàá Zuba. N kò ní dárúkọ wọn. Ẹni tí nọ́ńbà wọ̀nyí bá rú lójú: 8 dúró fún nǹkan bí iye tọ́ọ̀nù tí ọkọ̀ àtẹrù rẹ̀ ń wọ̀n pọ̀, 14 ni agbára ẹ́ńjìnì, ìyẹn nǹkan bí agbára ẹṣin 140. Bẹ́ẹ̀ náà ni 911 táwọn bàbá wa fi kó yanrìn ṣe jẹ́: 9 àti 110. Mo mọ̀ pé Atego, ọkọ̀ akẹ́rù Mercedes tó jáde ní 1998, tu ara ju 814 lọ, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń pín dísù fún ẹ́ńjìnì rẹ̀. Bó bá dákú ní Kwali lóru, ta ni màá pè? Pọ́ǹpù 814, irin lásán ni, mẹkáníìkì abẹ́ igi mọ̀ ọ́n tú.

Kí n má purọ́, kì í ṣe ẹ́ńjìnì ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú. Bọ́dì ẹ̀yìn rẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ bàtà 24! Pákó tèmi ẹsẹ̀ bàtà 12 ni. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: òkìtì méjì, ìdí kọ ìdí, kò sí èyí tó yọ sẹ́yìn, kò sí pé à ń wá àkísà pupa so mọ́ ọn. Mo ti ń kọ orúkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ́kàn.

Bàbá Kàmọ́rù, mẹkáníìkì tí a jọ máa ń lọ, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ní ká dé ibẹ̀ kí aago méje tó lù, ká sì pè wọ́n ṣáájú pé kí ẹnikẹ́ni má sítáàtì rẹ̀. Àwọn tó ń tà á gbà, mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Wọ́n tẹ orí ọkọ̀ síwájú, bàbá gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnì: tútù bí omi àmù. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n bá ti yá sílẹ̀ dè yín, ẹ yáa máa bá tiyín lọ, ẹ ò ní mọ ìṣòro tó ní.

Ẹ̀ẹ̀kan péré la sítáàtì rẹ̀, ó jẹ́. Èéfín funfun rú díẹ̀, ó sì pòórá. Ká ní kò lọ ni, omi tàbí dísù tí kò jóná là bá máa wò. Aláwọ̀ aró, ọ́ìlì ló ń jó. Dúdú, nọ́súlù tó ń fín dísù tàbí fílítà afẹ́fẹ́, pàápàá níhìn-ín tí eruku ọyẹ́ ń dí gbogbo nǹkan. Bàbá wá ṣí ìdérí ibi tí a ń da ọ́ìlì sí, ó dojú rẹ̀ dé e lórí ihò náà bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Tí ríǹgì inú ẹ́ńjìnì bá ti jẹ, ńṣe ni yóò máa fò bí ọmọrí ìkòkò ẹ̀wà. Eléyìí kàn ń gbọ̀n jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ọ́ìlì rẹ̀ dúdú, ìyẹn kò burú fún ẹ́ńjìnì dísù. Tó bá rí bíi tíì onímílíìkì la máa ń sá. Nọ́ńbà shásì bá ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu. Alájì tó ni ọkọ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń pè mí ní Hajiya, èmi tí mò ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

A gbé e jáde sí ọ̀nà Gwagwalada. Jíà wọlé wẹ́rẹ́, bíréèkì mú. Bó ṣe dé nǹkan bí 60, abẹ́ ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Dírẹ́bà wọn ní títì ni. Bàbá Kàmọ́rù kò dá a lóhùn, ó ní ká yí padà.

Nígbà tí a dé, ó wọ abẹ́ ọkọ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ìyá Ṣèyí, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wá wo ibi tí wọ́n ti rán an."

Wọ́n ti gé shásì náà, irin gígùn tí bọ́dì jókòó lé, láàárín méjì, wọ́n fi irin sí i kí ó lè gùn. Wọ́n jó o ní òòró gbọọrọ, pátákó irin kan ṣoṣo ni wọ́n fi lé e níta, inú rẹ̀ ṣófo, wọ́n wá kun ún ní dúdú. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ họ ọ́, ìlà náà yọ. Wọ́n fa pùròpẹ́là, ọ̀pá tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sí táyà ẹ̀yìn, gùn pẹ̀lú, òun ló ń gbọ̀n. Àárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn ni ẹrù máa ń tẹ̀ jù, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti jó irin. Pákó tútù, tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ ẹ̀ rí i, gígùn tí mo ti fẹ́ràn yẹn náà ni àìsàn rẹ̀.

Alájì ní gbogbo 814 tó gùn bẹ́ẹ̀ ní Abuja, báyìí la ṣe ṣe wọ́n. Ó lè jẹ́ òótọ́, kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mílíọ̀nù 17 ló kọ́kọ́ pè. Mo ní kí wọ́n fi irin lé e nínú àti níta, kí wọ́n ṣe pùròpẹ́là, nígbà náà ni màá padà wá gbọ́ iye. Owó àjẹsẹ́kù ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ fi rà á, èmi nìkan kọ́ ló ni ín. Dísù kò sì lẹ́gbẹ́, ó ti wọ́n tipẹ́ kí wọ́n tó yọ ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní 2023, n kò lè tún máa sanwó jórinjórin lé e lóṣooṣù.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá Alájì pè mí, ó ti já a sí 15. Mo bi í bóyá wọ́n ti ṣe shásì. Ó ní rárá, pé kí n má yọ ara mi lẹ́nu, oní-tòmátò kan láti Kano ń bọ̀ wá wò ó lọ́jọ́ Ajé, tòmátò kò sì wúwo tó pákó.

N kò mọ ẹni tó sọ fún un pé apẹ̀rẹ̀ tòmátò fúyẹ́.