RDRAM inú Pentium 4 tòkunbọ̀: ó yára lóòótọ́, àmọ́ ẹ má rà á

Ẹ̀yin ará Okun, ẹ kú iṣẹ́ o. Kọ̀ǹpútà Pentium 4 àtijọ́ kan, ti ilé iṣẹ́ Intel, ṣì wà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà wa ní Kabba tí a fi ń tẹ ìwé fáwọn ọmọ ilé ìwé, RDRAM ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn irú RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tí ilé iṣẹ́ Rambus ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀, torí náà ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ, fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú bọ̀ láti Lokoja àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń fi fóònù ra ṣíà (ìpín nínú ilé iṣẹ́) Amẹ́ríkà, tẹ́ ẹ wá ń bi mí nípa Rambus.

RAM náà yára o. Nígbà tí Pentium 4 jáde lọ́dún 2000, RDRAM PC800 méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ lè gbé 3.2 GB ní sẹ́kọ́ńdì kan, SDRAM PC133, irú RAM tó wọ́pọ̀ nígbà yẹn, ò ju bíi 1 GB lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé méjìméjì lẹ máa ń rà á, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, ihò tí ò bá sì ní RAM ẹ gbọ́dọ̀ fi pátákó kékeré tí wọ́n ń pè ní CRIMM dí i, tí ò bá sí i kọ̀ǹpútà ò ní ṣiṣẹ́, ó tún máa ń gbóná débi pé irin ni wọ́n fi bò ó, owó ẹ̀ sì ga ju ti SDRAM lọ fíìfíì. Ibo lẹ ti fẹ́ rí CRIMM lọ́dọ̀ wa níbí? Mo béèrè dé Ìsánlú, mo béèrè dé Ẹ̀gbẹ̀, àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀ ò rí i rí. Intel tó gbé RDRAM lérí gan-an, nígbà tó di 2001, gbé i845 jáde, chip tó ń so Pentium 4 pọ̀ mọ́ RAM, tó ń lo SDRAM.

Ọ̀rọ̀ ṣíà ló wá le jù. Rambus, tí Mike Farmwald àti Mark Horowitz dá sílẹ̀ lọ́dún 1990, kì í fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe RAM nígbà yẹn, àwọn bíi Samsung ló ń ṣe é, Rambus á sì gba owó pátẹ́ǹtì (ẹ̀tọ́ ẹni tó hùmọ̀ nǹkan) lórí ẹ̀, bí onílẹ̀ ṣe ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Lọ́dún 2000 wọ́n ní SDRAM àti DDR (SDRAM tó yára sí i) náà wà lábẹ́ pátẹ́ǹtì àwọn, bẹ́ẹ̀ DDR gan-an ni orogún tó ń lé RDRAM kúrò lọ́jà! Báwọn tó ń ra ṣíà ṣe pín sí méjì nìyẹn. Àwọn kan ní èyí tó wù kó borí, Rambus á jẹun. Àwọn kejì ní Rambus jókòó nínú ìpàdé JEDEC, níbi tí wọ́n ti ń fẹnu kò lórí bí RAM á ṣe rí, títí di 1996, kò sì sọ ohun tó ní lọ́wọ́, pé kóòtù á da ẹjọ́ ẹ̀ nù.

Apá méjèèjì ló rí i sọ. Lọ́dún 2001 àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ dá Rambus lẹ́bi jìbìtì nínú ẹjọ́ òun àti Infineon, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe RAM, lọ́dún 2003 kóòtù kòtẹ́milọ́rùn yí i padà. Ní 2010 Samsung gbà láti fún Rambus ní $900 mílíọ̀nù, àmọ́ ní November 2011 Rambus pàdánù ẹjọ́ tó pe Micron àti Hynix, tí àwọn náà ń ṣe RAM, ju ìdajì owó ṣíà náà lọ ló wó lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ ò rí i pé ẹjọ́ làwọn èèyàn yẹn ń rà, kì í ṣe RAM. Lójú tèmi, iṣẹ́ ọpọlọ yẹ kó mówó wá, àmọ́ kéèyàn dákẹ́ níbi tí gbogbo ayé ti ń yan ohun tí wọ́n máa lò, kó tó wá béèrè owó lẹ́yìn, kò dáa rárá. Lónìí Rambus ń ta chip tiẹ̀ fún DDR5 (RAM ìgbàlódé) inú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń sin àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn, torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ṣíà wọn, ọjà tí wọ́n ń tà ni kẹ́ ẹ wò.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún RDRAM, ìyára ẹ̀ nìkan ló gbà á. Tẹ́ni tó ń ta tòkunbọ̀ bá gbé Pentium 4 síwájú yín, ẹ ní kó ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí RAM tí irin bò àti pátákó tí ò ní chip kankan nínú ihò tó kù, ẹ ní kó gbé èyí tó ní DDR wá jàre.