Àgbéyẹ̀wò áàpù ìkọ́ni ní ukulele: okùn karùn-ún tí wọn kò sọ fún mi

Ìgbà 96 ni ọwọ́ ọ̀tún mi kan okùn ukulele, gìtá kékeré olókùn mẹ́rin, nínú ìdánwò ìpele kẹta, ìgbà 4 péré sì ni áàpù náà gbà pé mo bọ́ sí àsìkò. Àmì pupa ló fi sí gbogbo ìyókù, àmì pupa sì túmọ̀ sí pé mo pẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà nìyẹn tí mo ti ń rí pupa, mo sì ti ń gbà lọ́kàn ara mi pé ọwọ́ mi ló wúwo, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà mo ti fi fóònù mìíràn gba ohun tí mo ta sílẹ̀. Nígbà tí mo tẹ́tí sí i, tí mo ń ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, ẹẹ́rin tẹ̀ lé e, n kò gbọ́ ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ rárá. Láti ibẹ̀ ni ìbínú tó mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò parí síbi tí mo rò.

N kò ní fi àkókò ẹnikẹ́ni ṣòfò lórí iye ẹ̀kọ́ àti iye kọ́ọ̀dù (ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀) tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó kàn wá ni bí ó ṣe ń díwọ̀n àsìkò. Áàpù náà á máa fi ìlù ránṣẹ́ sí etí ẹni, ẹni náà á máa ta ukulele tẹ̀ lé e, gbohùngbohùn fóònù á sì máa gbọ́ okùn. Bí okùn bá dún nígbà tí áàpù fi ìlù jáde, àmì á di àwọ̀ ewé. Bí ó bá ṣáájú, á di àwọ̀ ìyeyè. Bí ó bá pẹ́, á di pupa. Wọ́n sọ ọ́ di dandan pé kí a lo íápíìsì, kí ìlù má baà jáde síta kí ó sì da gbohùngbohùn rú. Ìmọ̀ràn tó mọ́gbọ́n dání ni, òun náà ló sì dá gbogbo wàhálà sílẹ̀.

Mo kọ ímeèlì sí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Èsì dé kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, èyí tó yẹ kó ti fu mí lára: "Ẹ kú ìgbìyànjú. Ẹ dín eré orin náà kù sí 60, kí ẹ sì máa ṣe é lójoojúmọ́." Eré 60 jẹ́ ìlù kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí ọjọ́ tí n kì í ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì. Mo ṣàlàyé pé ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ìpẹ́ náà kì í yí padà: yálà mo ta á ní 60 tàbí ní 100, ìwọ̀n kan náà ni mo fi ń pẹ́, àti lórí kọ́ọ̀dù C tí ìka kan ṣoṣo ń tẹ̀, àti lórí kọ́ọ̀dù G tí ìka mẹ́ta ń du àyè lórí rẹ̀. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo, ibi tó ti ń yí kọ́ọ̀dù ló ti máa ń pẹ́. Kì í pẹ́ níbi gbogbo bákan náà. Ẹlòmíràn ló fèsì sí ìyẹn, ó ní kí n ní sùúrù pẹ̀lú okùn mi, nítorí okùn ọ̀rá tuntun máa ń fà fún ọjọ́ mélòó kan. Òótọ́ ni pé ó máa ń fà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ló máa ń já wálẹ̀, kì í ṣe àsìkò rẹ̀. Bí okùn A mi bá kúrò ní 440, ìyẹn iye ìgbà tó yẹ kó gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, etí á gbọ́ ọ. Kò ní torí ìyẹn dúró sinmi kí ó tó dún. Ẹnìkẹta ní kí n fi fídíò ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo yà á kí ọwọ́ mi àti ojú fóònù tó hàn papọ̀ dáadáa. Mo fi ránṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rin kọjá, èsì tó dé ni pé: "A ti yanjú ọ̀rọ̀ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa ní ìràwọ̀."

Láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ ọgbọ́n kan tí mo kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní. Mo ń ta okùn kí n tó gbọ́ ìlù. Mo ń ṣáájú díẹ̀, mo tún ń ṣáájú sí i, títí àmì fi ń di àwọ̀ ewé lọ́kọ̀ọ̀kan, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó ń mọ orin í ta.

Lẹ́tà tí mo kọ lẹ́yìn "a ti yanjú ọ̀rọ̀ yín" gùn, n kò sì ní tún un kọ síbí nítorí kò buyì kún mi. Arábìnrin tó dáhùn rẹ̀ kò kí mi kú ìgbìyànjú. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, íápíìsì tí ẹ ń lò, ṣé ó ní okùn àbí kò ní?" Kò ní. Bluetooth ni. Ó ní kí n lọ wá èyí tó ní okùn, kí n tún ìdánwò náà ṣe, lẹ́yìn náà ni òun yóò wá ṣàlàyé.

Àlàyé rẹ̀ rèé. Ohùn tó ń gba Bluetooth kọjá, fóònù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dì í, kí ó fi ránṣẹ́, kí íápíìsì sì tún tú u kí ó tó dé etí, gbogbo èyí sì lè gbà tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó kàn ń gbọ́ orin kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí orin bá ń lọ ní eré 120, ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá ni ààrin títa sísàlẹ̀ àti títa sókè, nítorí náà ìpẹ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odidi ìtasókè kan. Ìlù tí mo gbọ́ ni èmi ń bá rìn; ìlù tí ó ti fi ránṣẹ́ ṣáájú ni áàpù ń bá rìn. Amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé àtúnṣe rẹ̀ wà nínú áàpù náà láti ọjọ́ kìíní. Ojúewé kan wà lábẹ́ "Ètò", lábẹ́ "Ohùn", lábẹ́ "Àfikún", níbi tí ènìyàn ti lè máa fi ìka kan ojú fóònù tẹ̀ lé ìlù, kí áàpù lè mọ ìpẹ́ íápíìsì rẹ̀ kí ó sì yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Kò sí ẹ̀kọ́ kan tó dárúkọ ojúewé yìí. Nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin tó dá mi lóhùn, mẹ́ta kò mẹ́nu kàn án.

Mo fi íápíìsì olókùn tún ìdánwò náà ṣe. Kò sí pupa kankan mọ́: àwọ̀ ìyeyè ló kún ojú fóònù láti òkè dé ilẹ̀. Mo ti kọ́ ọwọ́ mi ní ìwàǹwára.

Arábìnrin náà kò jiyàn. Ó ní àwọn ló jẹ̀bi, ó sì fún mi ní ogún ìṣẹ́jú pẹ̀lú olùkọ́ wọn kan lórí fídíò, láìgba owó. Mo bá ìbínú lọ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ọ̀gbẹ́ni olùkọ́ sọ ni pé àwa méjèèjì kò ní jọ ta nǹkan kan, nítorí ìpè fídíò náà ń pẹ́. Ọwọ́ mi nìkan ni òun fẹ́ wò. Ó ní kí n fi ìka ọwọ́ òsì bo okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ó má sí ohùn, kí ó kàn máa dún ṣá, ṣá. Mo ta á: sísàlẹ̀, sísàlẹ̀, sókè, sókè, sísàlẹ̀, sókè. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi ní, "Ọwọ́ yín ń dúró ní òǹkà kẹta." Lórí òǹkà kẹta nínú mẹ́rin, ọwọ́ kì í kan okùn nínú ìlànà títa yìí, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni pé ó kàn án. Tèmi ń dúró, lẹ́yìn náà ó ń sáré bá ara rẹ̀.

Mo jiyàn. Mo ní mo ní ẹ̀rí, mo sì gbé ohun tí mo gbà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ ìdánwò jáde. A jọ gbọ́ ọ. Ní gbogbo òǹkà kẹta ni ó ti fì díẹ̀, níbi tí kọ́ọ̀dù F ti ń yí sí G ni ó sì ti burú jù. Olùkọ́ náà ní ukulele máa ń fi irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ pamọ́: okùn G tó wà lókè ga ju C tó tẹ̀ lé e lọ, A tó wà nísàlẹ̀ pátápátá náà sì ga, nítorí náà títa sísàlẹ̀ àti títa sókè fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra létí. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo gbà.

Ìyókù ogún ìṣẹ́jú náà ló wúlò jù nínú gbogbo oṣù tí mo ti ń kọ́ ọ. Láti kọ́ọ̀dù Am sí F, ìka àárín kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí okùn rẹ̀. Ìfábẹ̀lá nìkan ló ń bọ̀ wálẹ̀. Láti F sí G, ìfábẹ̀lá yẹn ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, láti orí okùn E lọ sí orí okùn C, kí ìka méjì yòókù tó tẹ̀ lé e. Ó ní kí n máa ta á níbi tí ọrùn ti pàdé ara ukulele, kí ọrùn ọwọ́ máa yí dípò ìgúnpá. Bí ọwọ́ òsì kò bá sì tíì dé, kí n jẹ́ kí okùn dún lófìfo, kí ọwọ́ ọ̀tún má dúró dè é láé.

Lẹ́yìn náà ló fi metronome adákẹ́ hàn mí, tó wà nínú áàpù yìí kan náà: á lù fún ìwọ̀n díẹ̀, á dákẹ́, á sì padà dé láti wo ibi tí ènìyàn wà. Lálẹ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ó padà, mo ti lọ jìnnà. Lálẹ́ kọkànlá, ní eré 80, ó dákẹ́ fún òǹkà 16, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 12 láìsí ìlù kankan. Ọwọ́ mi ń lọ, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ ní òǹkà kẹta, G wọlé, ìlù sì padà bọ́ sórí ìtasísàlẹ̀ mi gan-an bí ẹni pé èmi ni mo lù ú. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá, mo sì pariwo.

Mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n gbé ojúewé ìpẹ́ íápíìsì náà wá sí ẹ̀kọ́ kìíní. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ti ọ̀rọ̀ náà pa lọ́jọ́ kejì. Ó ṣì wà lábẹ́ "Àfikún". Máàkì 4 nínú 96 náà sì ṣì wà lórí àkọsílẹ̀ mi, wọ́n ní kò ṣeé pa rẹ́.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Mo ti san owó ọdún tó ń bọ̀.