Jẹ́sì Ilé Ẹgbẹ́ Wa Lẹ́yìn Sáà Kan Gbáko: Ta Ló Yẹ Kó Máa Ṣe Ọnà Rẹ̀?

Mo ti wọ jẹ́sì yìí fún sáà kan gbáko kí n tó jókòó kọ nǹkan nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e jáde, ariwo ta láàárín àwa olólùfẹ́ ẹgbẹ́. Àwọn kan ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí, àwọn kan ní kí ilé-iṣẹ́ tuntun tó ṣe é kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Bẹ́ẹ̀, àwòrán lásán ni gbogbo wa ń wò nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó tíì fọwọ́ kan aṣọ náà. Èmi rà á. Méjì ni mo rà: ọ̀kan fún ara mi, irú èyí tí wọ́n ń rán fún àwa olólùfẹ́, ìkejì fún àbúrò mi, irú èyí tí àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ń wọ̀ sórí pápá, tí owó rẹ̀ sì ga ju tèmi lọ dáadáa. A ti fọ̀ wọ́n, a ti fi wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, òjò ti pa wọ́n, oòrùn náà ti pa wọ́n. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Pupa àti funfun ni àwọ̀ wa, ìlà gbọọrọ gbọọrọ láti èjìká délẹ̀. Bí mo ṣe gbọ́njú bá a nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí jẹ́sì náà dé, mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo mú ti sáà mẹ́ta sẹ́yìn, èyí tí ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ṣe, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ti rí ohun tó ń bí mi nínú títí dòní. Lára ti àtijọ́, bí ẹ bá fi ìka tọ ìlà pupa kan láti àyà wá sí ìhà, ẹ ó rí i pé ó kọjá ojú rírán, ó wọ ẹ̀yìn lọ, àfi bí ẹni pé wọn ò rán aṣọ náà pọ̀ rárá. Ẹni tó gé e ti ka ìlà kó tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Lára tuntun, ìlà pupa rìn dé ìhà ọ̀tún, funfun ló bá pàdé. Ní ìhà òsì, pupa bá pupa, àwọn méjèèjì wá di ìlà kan tó fẹ̀ ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Télọ̀ tó bá ti rán aṣọ onílà rí mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti ń mọ ọwọ́ ẹni nìyẹn.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ló tún wá dùn mí jù. Wọ́n yọ ìlà kúrò pátá, wọ́n fi pupa kan ṣoṣo bò ó láti èjìká dé ìdí, nítorí nọ́ńbà. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà gbọ́dọ̀ hàn sí rẹfirí, ó gbọ́dọ̀ hàn sí ẹni tó jókòó sókè réré, àwọn tó ń darí ìdíje sì ní òfin lórí rẹ̀. Bí ẹ bá lẹ nọ́ńbà funfun mọ́ ìlà pupa àti funfun, bàìbàì ni ojú á máa rí i. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ àtijọ́ ti yanjú ọ̀rọ̀ yẹn fún wa tipẹ́: wọ́n fi pupa onígun mẹ́rin sí àárín ẹ̀yìn, èyí tó gba nọ́ńbà nìkan, ìlà sì yí i ká. Nítorí náà kì í ṣe òfin ló fa ti ọ̀tẹ̀ yìí. Ó kàn rọrùn fún ẹni tó ń gé aṣọ ni. Nísinsìnyí, bí agbábọ́ọ̀lù wa bá kẹ̀yìn sí mi nínú tẹlifíṣàn, ó di ìgbà tó bá yíjú padà kí n tó mọ̀ pé tiwa ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ nípa aṣọ rẹ̀ ṣá, torí níbẹ̀ ni wọ́n ti borí ti àtijọ́. Pọ́líẹ́sítà ni, bíi ti gbogbo jẹ́sì òde òní, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó rọ̀, wọ́n sì dá ihò wẹ́wẹ́ sí abẹ́ apá àti ẹ̀yìn tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ti àtijọ́, tí òógùn bá ti mu ún, ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ni lára, tó sì máa ń wúwo. Eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìsinmi ìdajì bọ́ọ̀lù tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń gbá, mo bọ́ ọ, mo fi kọ́. Nígbà tí a ó fi padà sórí pápá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Ọrùn rẹ̀ náà dára. Wọn ò rán àkọlé kankan mọ́ ẹ̀yìn ọrùn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ ni, kò sí ohun tó ń yún mi lọ́rùn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín tèmi àti ti àbúrò mi tó ohun tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ̀. Ti àgbábọ́ọ̀lù fún mọ́ra. Ẹni tó bá ní ikùn díẹ̀, kó mú èyí tó fi ìwọ̀n kan tóbi ju èyí tó máa ń wọ̀ lọ. Báàjì rẹ̀ kì í ṣe òwú, ohun bíi rọ́bà fẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n fi ooru lẹ̀ mọ́ aṣọ kó má bàa wúwo lára ẹni tó ń sáré. Tèmi, òwú ni wọ́n fi rán báàjì náà mọ́ ọn. Fífọ̀ keje ni etí báàjì àbúrò mi ṣí. Láti ìsàlẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi ṣónṣó tó dà bí ìdí apata, ó ká sókè bí etí ìwé tí omi bá bà. Nọ́ńbà 9 tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà ti sán níbi tí ìrù rẹ̀ ti tẹ̀. Báàjì tèmi ṣì wà bó ṣe wà. Èyí tó gbówó lórí kọ́ ló ń pẹ́ lọ́wọ́ o: pápá ni wọ́n ṣe ti agbábọ́ọ̀lù fún, ẹgbẹ́ sì ní òmíràn láti fi pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá jẹ́sì tí yóò máa wọ̀ jókòó wo bọ́ọ̀lù, tí yóò sì máa fọ̀ lóòrèkóòrè, kó ra ti olólùfẹ́. Kó yí inú rẹ̀ síta kó tó fọ̀ ọ́, omi tútù ni kó lò, kó sá a síbòòji, kó má sì gbé áyọ́ọ̀nù débi nọ́ńbà láéláé.

Lórí àríyànjiyàn wa wàyí, ti ẹni tó yẹ kó máa ṣe jẹ́sì wa. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí. Àwọn kan ní kí ilé-iṣẹ́ àtijọ́ padà wá. Àwọn ọ̀dọ́ pọ̀ tó ní àfi kí a lọ bá ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn ìyókù ní kí ẹgbẹ́ máa ṣe tirẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tí a jọ ń wo bọ́ọ̀lù, ó ti ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́ yìí kí wọ́n tó bí mi. Ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kì í kúrò lẹ́nu wọn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ rántí sáà tí wọ́n fi ìlà wa ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti aṣọ ibùsùn? Àwọn kan náà ló ṣe é.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, “Mo rántí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pariwo, wọ́n gbọ́. Ta lo fẹ́ pariwo fún báyìí?” Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mi ò sì rí èsì fún un lọ́jọ́ náà.

Ti ilé-iṣẹ́ ńlá, mi ò rò pé ibẹ̀ ni ìgbàlà wà. Ilé-iṣẹ́ ńlá a máa ní àwòṣe kan tí wọn yóò gé fún ẹgbẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọ̀ nìkan ni wọn yóò pààrọ̀. Ní 2021, Puma ṣe aṣọ fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní Europe lórí àwòṣe kan ṣoṣo, tí wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ gàdàgbà sí àyà dípò báàjì. Àwọn olólùfẹ́ Dortmund bínú débi pé ọ̀gá àgbà Puma nígbà náà, Bjørn Gulden, tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. Barcelona náà, tí ìlà òòró jẹ́ àmì wọn láti ayébáyé, wọ ìlà ìbú ní sáà 2015 sí 2016, wọ́n tún wọ onígun mẹ́rin bíi pátákó dráàfù ní 2019, Nike ló sì ṣe méjèèjì. Bí wọ́n bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí Barcelona, kí ni wọn ò ní ṣe sí wa?

Mo ti fi ìgbà kan wà lára àwọn tó ní kí ẹgbẹ́ máa ṣe tirẹ̀. Napoli ní Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe jẹ́sì wọn fúnra wọn ní 2021, pẹ̀lú àmì EA7, ẹ̀ka aṣọ eré ìdárayá ti Armani, láyà rẹ̀, òun ni wọ́n sì wọ̀ gba ife-ẹ̀yẹ líìgì ní 2023, èyí tí wọn ò rí gbà láti 1990. St. Pauli ní Jámánì náà dá orúkọ aṣọ tiwọn sílẹ̀, DIIY, òun ni wọ́n sì ń wọ̀ títí di 2024. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rò ó jinlẹ̀, mo rí i pé kí aṣọ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kò túmọ̀ sí pé ó wà lọ́wọ́ wa. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ Cardiff City ní Wales gan-an ló yí wọn kúrò nínú búlúù bọ́ sínú pupa ní 2012. Àfi ìgbà tó di January 2015 kí búlúù tó padà. Ilé-iṣẹ́ aṣọ kọ́ ló ṣe ìyẹn fún wọn.

Ohun tí mo wá dì mú ni pé kí a pín iṣẹ́ náà sí méjì. Kí ilé-iṣẹ́ mú aṣọ wá, kí wọ́n rán an, torí àwọn ló mọ òwú, àwọn ló mọ bí ara ṣe ń làágùn. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣe ọnà gbọ́dọ̀ jókòó ti ìtàn ẹgbẹ́, kó mọ ohun tí kò ṣeé fọwọ́ kàn. Kò pọn dandan kó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ wo jẹ́sì Nàìjíríà ti 2018. Nike ló ṣe é, àmọ́ ti 1994 ni wọ́n wò ṣe é, sáà tí Rashidi Yekini di àwọ̀n mú tó ń sunkún ayọ̀ lẹ́yìn góòlù àkọ́kọ́ wa ní ife-ẹ̀yẹ àgbáyé. Ẹnikẹ́ni tó rí apá aṣọ yẹn, bó ṣe dà bí ìyẹ́ ẹyẹ idì, mọ ibi tó ti wá. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sórí àtẹ, ọjọ́ náà ló tán. Jẹ́sì tí Jámánì wọ̀ gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1990 náà ńkọ́? Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní adidas, Ina Franzmann, ló mú àwọ̀ àsíá wọn gba àyà rẹ̀ kọjá. Àwọ̀ mẹ́ta péré tí ará ìlú kọ̀ọ̀kan ti mọ̀ láti kékeré ló fi ṣiṣẹ́, ọnà náà sì di mánigbàgbé.

Kí ẹni náà máa wo bọ́ọ̀lù pẹ̀lú. Ní oṣù April 1996, Manchester United wọ aṣọ aláwọ̀ eérú lọ bá Southampton. Góòlù mẹ́ta ni Southampton ti gbá wọlé wọn kó tó di ìsinmi. United bọ́ aṣọ náà, wọ́n wọ òmíràn jáde, àmọ́ Southampton ló borí, 3-1. Alex Ferguson, olùkọ́ni United nígbà náà, ní àwọn ọmọ òun ò rí ara wọn láàárín èrò. Wọn ò wọ aṣọ yẹn mọ́. Nígbà tí mo bá rí ẹ̀yìn jẹ́sì wa báyìí, tí kò jọ iwájú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń rántí.

Aṣọ àjò wa tọdún yìí rẹwà, mo gbọ́dọ̀ fún wọn ní ti ìyẹn: búlúù dúdú, pẹ̀lú okùn pupa tín-ín-rín ní etí ọwọ́. Aṣọ kẹta, mi ò rí ìdí tó fi wà.

Bí mo bá ní láti fi márùn-ún wọ̀n ọ́n, aṣọ gba mẹ́rin, rírán gba méjì, ọnà gba méjì, báàjì ti agbábọ́ọ̀lù gba ọ̀kan. Mo ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́, mo so àwòrán ìhà méjèèjì mọ́ ọn, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi àwòrán ti sáà tó ń bọ̀ han àwa olólùfẹ́ kí wọ́n tó gé e. Wọ́n fèsì pé àwọn ti gbà á. Mo ń dúró de ìyókù.

Ní ti àbúrò mi, mo ti gbé jẹ́sì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Òwú pupa ni wọ́n fi rán etí báàjì náà yí ká, tínrín tínrín, ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn ò lè mọ̀. Ó wọ̀ ọ́ lọ wo bọ́ọ̀lù ní Sátidé tó kọjá.