Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra kẹ́tù ní Òṣogbo: ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣí ìdérí dán an wò fún yín

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn ẹlòmíì létí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta kẹ́tù oníná tòkunbọ̀ fún yín, tó wá ṣí ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kó tó dán an wò, ẹ má sanwó. Ọkùnrin kan wà tó ń fi búùtù ọkọ̀ tajà káàkiri; lónìí ẹ lè bá a nítòsí Ọláìyá, lọ́la ó ti di Old Garage. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, òun nìkan kọ́ ló sì ń ṣe é. Ẹ̀rọ inú ilé ni mò ń tún ṣe, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn kẹ́tù wọ̀nyí ń bọ̀ nígbà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti yọ́ tàbí tí ìdí kẹ́tù bá ti jóná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí kẹ́tù ṣe ń pa ara rẹ̀, torí ibẹ̀ ni jìbìtì náà wà. Bí omi bá ti ń hó, èéfín rẹ̀ á gba ihò tóóró kan kọjá, á lọ bá àwo irin pẹlẹbẹ kan tí kò tóbi ju kọ́bọ̀ lọ. Irin oríṣi méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ ṣe àwo náà. Bí ooru bá kàn wọ́n, ọ̀kan á gbòòrò ju èkejì lọ, àwo á yí padà lójijì, ẹ ó gbọ́ "kọ̀", iná á kú. Kí èéfín tó lè dé ibẹ̀ dáadáa, ìdérí gbọ́dọ̀ pa dé. Bí ìdérí bá ṣí, òkè ni gbogbo èéfín máa gbà lọ, kẹ́tù tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí pàápàá á máa hó lọ ni.

Ẹ ti rí i báyìí. Ẹni tó ń tà á mọ̀ pé kẹ́tù òun kò lè pa ara rẹ̀ mọ́, ló ṣe ṣí ìdérí. Á ní, "Mọ̀mí, ẹ wo inú ẹ̀, ẹ wo bó ṣe ń hó!" Omi ife kan péré ló bù sí i, kó lè tètè hó. Bó ti ń ru gùdù, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ paná, á da omi nù, inú ẹni tó fẹ́ rà á á dùn. Bí ẹ bá bi í léèrè pé kí ló dé tí kò fúnra rẹ̀ kú, á ní ìdérí tó ṣí ló fà á. Òótọ́ ló sì sọ! Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro láti mú un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kẹ́tù náà kó tó dé búùtù ọkọ̀ rèé. Ẹ̀rọ tó ń paná ti bàjẹ́. Lára ọ̀pọ̀ èyí tó ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá, ẹ ó rí orúkọ Strix lára ẹ̀rọ yẹn. Iléeṣẹ́ kan ní Isle of Man ló ń ṣe é fún kẹ́tù oríṣiríṣi. Ojúlówó rẹ̀ kì í sábà wà lọ́jà wa níbí. Dípò kí wọ́n sọ kẹ́tù nù, wọ́n á gé wáyà pẹ́npẹ́ kan, wọ́n á fi so iná pọ̀ láti ibì kan sí èkejì, wọ́n á fo súìṣì náà dá. "Dáírẹ́ẹ̀tì" ni àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ń pè é. Èyí tó burú jù ni pé wọ́n sábà máa ń fo èyí tó wà nísàlẹ̀ náà, ìyẹn èyí tó yẹ kó paná bí omi bá gbẹ tán. Ẹ fojú inú wo ìyá tó dìde sààrì nínú Ràmàdáánì, tó gbé omi kaná, tí oorun sì gbé e lọ padà. Tàbí ọmọ UNIOSUN tó ti kẹ́tù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí NẸ́PÀ mú iná lọ, tóun náà jáde lọ sí kíláàsì, tí iná wá dé lẹ́yìn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ní kó bu omi dé ibi tí àmì wà lára kẹ́tù, kó pa ìdérí dé, kí ẹ sì dúró tì í títí á fi kú fúnra rẹ̀. Bí ó bá ní òun ò ráyè, ẹ̀yin náà ò lówó.

Ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ agbára iná sí. Bí ẹ bá rí 120V, Amẹ́ríkà ló ti wá. Iná tiwa jẹ́ 230V, á sì mú kí kẹ́tù náà fa agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tí wọ́n ṣe é fún. Wọ́n kàn gé púlọ́ọ̀gì Amẹ́ríkà kúrò ni, wọ́n fi oníka mẹ́ta sí i. Bí wọ́n bá sì kọ 2200W síbẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" gbé e láìmí gúlegúle, irọ́ ni nọ́ńbà yẹn. Jẹnẹrétọ̀ yẹn kò tó 1000W. Irú kẹ́tù bẹ́ẹ̀ lè má pa yín lára, àmọ́ ẹ ó dúró tì í títí ẹ ó fi gbàgbé pé tíì lẹ fẹ́ mu.

Ọ̀rọ̀ wáyà ńkọ́? Kẹ́tù 2200W ń fa iná tó ń lọ bí 9.5A, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kò lè gbà á. Lẹ́yìn tó bá hó tán, ẹ fọwọ́ kan wáyà àti púlọ́ọ̀gì. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀, kò burú, bó bá gbóná débi tí ẹ fi yọwọ́ kíá, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ẹ ní kó tú púlọ́ọ̀gì. Fíúsì 13A ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mo ti bá ìṣó níbẹ̀ rí.

Oníṣòwò yìí kan náà tún ń ta ìkòkò tíì. Ọ̀kan wà, irin dúdú wúwo, tí wọ́n ní Japan ló ti wá, tí wọ́n ń sọ pé ó ń fún ni lẹ́jẹ̀, pé ẹ kàn máa gbé e ka gáàsì. Ẹ wo inú rẹ̀. Bó bá ń dán bí abọ́ tánńganran, tí asẹ́ kékeré sì wà nínú rẹ̀, a kì í gbé e kaná. Omi tó ti hó ni wọ́n ń dà sí i, kí ewé tíì lè rẹ sínú rẹ̀. Iná á mú kí tánńganran inú rẹ̀ là, irin ò sì lè ti abẹ́ tánńganran bọ́ sínú omi yín. Èyí tí wọ́n ń gbé kaná lóòótọ́, tí àwọn ará Japan ń pè ní tetsubin, kò ní nǹkan dídán nínú. Èyí alámọ̀ olódòdó náà, inú yàrá àlejò ni kó jókòó sí. Bí orí gáàsì lẹ bá fẹ́ gbé e sí, ẹ ra kẹ́tù sitẹ́nlẹ́ẹ̀sì tó ń súfèé, kò ní wáyà tí ẹnì kankan máa dáírẹ́ẹ̀tì.

Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n kọ irú kẹ́tù àti ọjọ́ sí i. Àkọlé "ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà" kò gbéṣẹ́ lórí ọjà tó lábùkù. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà, FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, lẹ sì lè fẹjọ́ sùn. Oníbúùtù kì í sábà fún ni ní rìsíìtì, ẹ̀yin náà mọ ìdí.

Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á, ẹ dán an wò lálẹ́ yìí, kí ìdérí pa dé, kí ẹ má kúrò níbẹ̀. Bó bá hó, tó ń hó lọ láìkú, ẹ pa súìṣì ara ògiri, kí ẹ yọ ọ́. Ẹ má fún ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ má sì tà á fún ẹlòmíì. Kí ẹ tó gbé e sórí ààtàn, ẹ gé wáyà rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì lu ìdí rẹ̀ fọ́, torí àwọn tó ń ṣa irin kiri ló ń tà á padà fún àwọn oníbúùtù yìí.